Kí Ìwé Mímọ́ Má Ṣe Sùn Lábẹ́ Ìrọ̀rí

Ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà Bohicon lọ sí Dassa-Zoumè yóò kọjá ní Paouignan. Ní agbègbè náà, òkè olókùúta ń yọ orí síta níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, títí tí a ó fi dé Dassa fúnra rẹ̀, ìlú tí àwọn onílé ń pè ní Ìgbó Ìdáàṣà, tí àwọn àlejò sì ń pè ní ìlú òkè mọ́kànlélógójì. Àgbẹ̀ tí ó ń dáko níbẹ̀ kò nílò olùkọ́ tí yóò ṣàlàyé fún un bí ilẹ̀ tín-ín-rín orí àpáta ti rí. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ibẹ̀ ni àgbàdo ti máa ń kọ́kọ́ hù. Ilẹ̀ náà kò jìn, ó sì tètè gbóná, nítorí náà irúgbìn a yára yọ ewé. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ oko lè dúró kí ó máa yìn ín. Ṣùgbọ́n bí òjò bá dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, ewé tí ó kọ́kọ́ yọ yẹn náà ni yóò kọ́kọ́ rọ, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti kan òkúta, kò sì rí ọ̀nà mọ́.

Jésù pa òwe kan nípa irú ilẹ̀ yìí. Ẹ ó rí i nínú ìwé Mátíù orí 13, nínú ìwé Máàkù orí 4, àti nínú ìwé Lúùkù orí 8. Afúnrúgbìn jáde lọ sí oko. Irúgbìn kan bọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà, òmíràn bọ́ sí orí àpáta, òmíràn bọ́ sáàárín ẹ̀gún, òmíràn sì bọ́ sí ilẹ̀ rere. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn bi í ní ìtumọ̀, ó sọ fún wọn pé irúgbìn náà ni ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, àti pé ẹni orí àpáta ni ẹni tí ó fi ayọ̀ gba ọ̀rọ̀ náà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò ní gbòǹgbò. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí òwe yìí láti ẹnu àwọn tí kò di ọkọ́ mú rí. Ó dá mi lójú pé àwọn ará Paouignan lè ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn.

Lọ́dọọdún, ní oṣù kẹjọ, ní àkókò àjọ̀dún Ìgbàsókè Màríà, èrò rẹpẹtẹ máa ń wọ́ lọ sí ihò àpáta Arigbo ní Dassa, ibi tí àwọn Kátólíìkì ti ń bọlá fún Ìyá Jésù láti ọdún 1954. Ọkọ̀ a kún ojú ọ̀nà, orin a sì gba òru kan. Èmi náà ti lọ, omijé sì ti bọ́ lójú mi níbẹ̀. Àwọn ìjọ mìíràn ní tiwọn pẹ̀lú: ìsọjí ọlọ́jọ́ mẹ́ta, àìsùn, ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. N kì yóò bẹnu àtẹ́ lu ọ̀kankan nínú wọn. Ohun tí mo ń béèrè ni pé: láti oṣù kẹsàn-án títí dé oṣù keje, kí ni ìgbàgbọ́ wa ń jẹ? Ẹkún tí a sun ní Arigbo kì í pẹ́ gbẹ. Nígbà tí ọmọ bá ń ṣàìsàn, tí ẹ̀gẹ́ bá jẹrà nílẹ̀, tí ọkọ bá gba Cotonou lọ tí kò sì ránṣẹ́ mọ́, orin tí a kọ ní oṣù kẹjọ nìkan kò lè gbé ènìyàn dúró.

Èrò mi nìyí, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò bá mi gbà á: kò sí ohun tí ó lè rọ́pò kí Kristẹni fúnra rẹ̀ máa ka Ìwé Mímọ́ lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀, ní èdè tí ó fi ń ronú. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù lọ. Ọ̀pọ̀ yín rò pé iṣẹ́ àlùfáà, pásítọ̀ tàbí katikíìsì ni èyí, pé tiyín ni kí ẹ máa gbọ́. Èrò yẹn bá ìgbà tí ẹ kò tíì mọ lẹ́tà mu. Ìgbà yẹn ti kọjá.

Mo ń ran àwọn àgbà lọ́wọ́ láti kọ́ ìwé kíkà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo bi kíláàsì wa pé ta ni ó ní Bíbélì nílé. Ọwọ́ mẹ́sàn-án ni ó nà sókè. Mo tún bi wọ́n pé ibo ni ó wà. Àwọn kan ní inú àpótí, kí eku má baà jẹ ẹ́. Ẹnì kan ní orí pẹpẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá òun tí ó ti kú. Ọkùnrin kan ní abẹ́ ìrọ̀rí ni tòun wà, tí òun ṣí sí Orin Dáfídì 91, nítorí àlá burúkú. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́, nítorí pé kì í ṣe òun nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín wa. Mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, kí ni Orin Dáfídì náà wí?” Ó dákẹ́. Ó mọ̀ pé ó lágbára, ṣùgbọ́n kò kà á rí.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú sí ohun kan nípa Orin Dáfídì 91 yìí. Nígbà tí Sátánì dán Jésù wò nínú aginjù, ìwé Mátíù orí 4 àti ìwé Lúùkù orí 4 sọ fún wa pé ó fa ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́ yọ. Inú Orin Dáfídì 91 ni ó ti fà á yọ! Ó ní kí Jésù bẹ́ sílẹ̀ láti orí tẹ́ńpìlì, nítorí pé a ti ṣèlérí níbẹ̀ pé àwọn áńgẹ́lì yóò gbé e. Ẹsẹ 11 àti 12 ni ó mú lò. Kò dé ẹsẹ 13, níbi tí a ti sọ̀rọ̀ nípa títẹ ejò mọ́lẹ̀. Bóyá ó ní ìdí tirẹ̀. Ìdáhùn wo ni Jésù fún un? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó dán Jésù wò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Jésù sì fi ọ̀rọ̀ inú ìwé Diutarónómì dá a lóhùn. Ẹni tí ó mọ ẹsẹ kan ṣoṣo ni ẹlòmíràn lè fi ẹsẹ mìíràn tàn jẹ. Ẹni tí ó bá mọ inú ìwé náà, bí a bá já ọ̀rọ̀ kan kúrò níbi tí ó wà, yóò mọ̀ pé a ti já a.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ayé àtijọ́ nìkan. Nínú kíláàsì wa, ìyá kan wà tí ó ń yan gàrí tà. Opó ni. Ó fi ọdún méjì gbáko kọ́ lẹ́tà, nítorí pé ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran dáadáa mọ́, èéfín iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ràn án lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tí ó ń pe ara rẹ̀ ní ẹni Ọlọ́run gun alùpùpù wá sí agboolé wọn. A kò mọ ibi tí ó ti wá, ó sì gbé àwọn ìgò omi dání. Ó sọ fún ìyá náà pé a ti kọ ọ́ sínú Bíbélì pé opó gbọ́dọ̀ kó ohun ìkẹyìn tí ó ní fún wòlíì kí ilé rẹ̀ tó lè yẹ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá fráǹkì ni ó béèrè. Ìyá náà ní owó náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n owó tí yóò fi ra ẹ̀gẹ́ ọjà tí ń bọ̀ ni.

Ó dáhùn pé, “Ẹ ṣé o, ẹni Ọlọ́run. Orí wo ni, ẹsẹ wo sì ni? Mo ń kọ́ ìwé, mo fẹ́ kà á.”

Ọkùnrin náà kò retí ìbéèrè yìí. Ó ní ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀, pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè yé. Ó wá dárúkọ Èlíjà àti opó Sarefati. Ìyá náà ní kí ó máa lọ ná, pé nígbà tí òun bá kà á tán, òun yóò mọ ohun tí òun yóò ṣe. Kò fún un ní kọ́bọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ó gbé Bíbélì rẹ̀ wá sí kíláàsì, ó ní kí a wá ọ̀rọ̀ náà jáde.

Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 17 ni. Ẹsẹ mẹ́rìnlélógún ni gbogbo rẹ̀, alẹ́ méjì ni a sì fi kà á tán, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni olúkúlùkù ń ka ẹsẹ tirẹ̀. A kà á pé ọ̀gbẹlẹ̀ mú ní ilẹ̀ náà. A kà á pé Èlíjà béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ opó kan tí ìyẹ̀fun rẹ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Lóòótọ́, ó ní kí ó kọ́kọ́ ṣe tòun wá. Ṣùgbọ́n a tún kà á pé ìyẹ̀fun náà kò tán, òróró náà kò sì gbẹ, àti pé opó náà, wòlíì náà àti gbogbo ará ilé rẹ̀ jẹun fún ọjọ́ púpọ̀. A kà á dé ibi tí ọmọ opó náà ti kú, tí Èlíjà gbé e lọ sí yàrá òkè tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé, tí ó sì gbàdúrà títí ọmọ náà fi jí.

Nígbà tí a parí, ìyá oníṣòwò gàrí náà yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Olùkọ́ wa, wòlíì ti inú ìwé yìí ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú opó yẹn, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n sì ti ń jẹ. Èyí tí ó wá bá mi fẹ́ kúrò kí oòrùn tó wọ̀.”

Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbọ́ ìwàásù lórí opó Sarefati, n kò gbọ́ èyí tí ó dára tó gbólóhùn méjì yẹn. Kò sì sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Ó ka orí náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni, ó sì fi ọgbọ́n ẹni tí ó mọ iye ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun kan wò ó. Ohun tí mo ń pè ní gbòǹgbò nìyẹn. Kò sọ ọ́ di ẹni tí kì í fún ni ní nǹkan. Mo mọ̀ pé ó ń fún ìjọ rẹ̀ ní ọrẹ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè fi ìgò omi gbé e kúrò lórí ilẹ̀ tí ó dúró lé mọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tí ó kọ́ ìwé lágbà kò lè lóye ìwé tí ó tóbi tó Bíbélì. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ mọ Bíbélì Yorùbá jù lọ. Àjàyí ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ìlú Òṣogùn ni wọ́n ti mú un lẹ́rú ní ọdún 1821. Ní ọdún 1822, ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó rà á, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Kò mọ lẹ́tà kan nígbà tí ó dé ibẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà, òun ti lè ka Májẹ̀mú Tuntun. Ní ọdún 1825 ni ó ṣèrìbọmi, tí ó sì di Samuel Ajayi Crowther. Ní ọdún 1846, ó dé Abẹ́òkúta, ó sì tún rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ní ọdún 1850, ìwé Róòmù jáde ní èdè Yorùbá láti ọwọ́ rẹ̀. Òun àti àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́ kò sinmi títí Bíbélì odindi fi jáde ní ọdún 1884. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ó wà láàárín ìwé Róòmù àti odindi Bíbélì. Ẹni tí ó ń ka ẹsẹ márùn-ún lójúmọ́ kò yẹ kí ó tijú pé òun ń rìn jẹ́jẹ́.

Ohun kan tún wà nínú iṣẹ́ Crowther tí mo fẹ́ràn. Kò lọ wá ọ̀rọ̀ àjèjì láti Lọ́ńdọ̀nù kó sínú Bíbélì nígbà tí ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ bí àdúrà, wòlíì, ìwàásù àti àlùfáà, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni Yorùbá ti kọ́kọ́ gbọ́ wọn, ó sì gbà wọ́n. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń sọ ní ọjà ni ó fi bá wọn sọ̀rọ̀ nípa Ọlọ́run.

Èyí gbé wa dé orí èdè tiwa. Ní Paouignan, a ń gbọ́ Máhì, a ń gbọ́ Ìdáàṣà, ọmọ iléèwé sì ń sọ Faransé. Èdè Ìdáàṣà súnmọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kì í ṣe Yorùbá inú Bíbélì pátápátá. Àwọn ọ̀rọ̀ kan yóò dá yín dúró. Ẹ má ṣe sá. Ẹ fi ìka sí orí ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ ka gbólóhùn tí ó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tí ó tẹ̀ lé e. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìtumọ̀ yóò yọjú. Bí Bíbélì àtijọ́ bá ṣòro, ẹ wá Bíbélì Ìròyìn Ayọ̀, èyí tí a fi Yorùbá òde òní kọ. Àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n ń sọ Máhì lè ka Ìwé Mímọ́ ní èdè Fọ̀n, tí ó súnmọ́ tiwọn. Ní ti lẹ́tà, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ìwé ní kíláàsì tiwa ní Benin mọ ɛ àti ɔ. Bíbélì tí a tẹ̀ ní Nàìjíríà ń lo ẹ àti ọ, bí ojú ewé tí ẹ ń kà yìí. Ohùn kan náà ni wọ́n. Ibi tí ẹ bá ti rí ṣ, ẹ pè é bí sh. Àwọn Bíbélì àtijọ́ kò sì fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí náà ẹ kà á sókè. Etí yín yóò mọ ohun tí ojú kò tètè mọ̀.

Kíkà sókè kì í ṣe ìtìjú. Nínú ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8, a rí ọkùnrin ará Etiópíà kan, olórí ìṣúra ayaba, tí ó jókòó nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀, tí ó ń ka ìwé Àìsáyà. Fílípì gbọ́ ohun tí ó ń kà. Báwo ni ì bá ṣe gbọ́ bí kì í bá ṣe pé ọkùnrin náà ń kà á sókè? Fílípì bi í bóyá ohun tí ó ń kà yé e. Ìjòyè ńlá ni, ó sì jẹ́wọ́ láìtijú pé òun nílò ẹni tí yóò tọ́ òun sọ́nà. Fílípì gòkè, ó jókòó tì í, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó ti ṣí ìwé náà sí. Kò gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Irú olùkọ́ tí ó yẹ kí a máa wá nìyẹn: ẹni tí yóò jókòó tì wá, tí ìwé yóò sì wà lọ́wọ́ tiwa.

Bí ẹ bá ń bi mí léèrè ibi tí ó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, èmi yóò sọ pé ìwé Máàkù. Ó kúrú, orí mẹ́rìndínlógún péré ni, ìtàn sì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ka ẹsẹ mẹ́wàá lójúmọ́ yóò parí rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́ kí ẹ ní ẹ ó kà á dé ìkẹyìn. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n rì sínú ìwé Léfítíkù tí wọn kò sì jáde mọ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò gbé e mọ́ lè gbọ́ Bíbélì lórí fóònù, kí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ bá a ṣí i. Bí Bíbélì tiyín bá sì ní ìwé mẹ́tàléláàádọ́rin, tí ti aládùúgbò yín ní mẹ́rìndínláàádọ́rin, kì í ṣe pé ẹnì kan ya ewé rẹ̀. Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáńtì kò ka iye kan náà ni, ìwé Máàkù sì wà nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a lọ jìnnà díẹ̀, sí erékùṣù Madagásíkà, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti rí ohun tí Ìwé Mímọ́ lè ṣe nígbà tí kò bá sí àlùfáà rárá. Ní ọdún 1835, àwọn ajíhìnrere tẹ odindi Bíbélì tán ní èdè ilẹ̀ náà. Ní ọdún yẹn kan náà, ọbabìnrin Ranavalona Kìíní fòfin de ẹ̀sìn Kristi fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn òyìnbó ajíhìnrere kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. Ní ọdún 1837, wọ́n pa obìnrin kan tí ń jẹ́ Rasalama nítorí pé kò sẹ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀, àwọn mìíràn sì kú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá wò ó lóde yóò sọ pé ìgbàgbọ́ náà ti parí. Ṣùgbọ́n Bíbélì ti wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn náà, ní èdè wọn, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n kà. Wọ́n fi í pamọ́ sínú ihò àpáta àti sínú ilẹ̀. Wọ́n ń kà á lóru. Nígbà tí ọbabìnrin náà kú ní ọdún 1861, tí ilẹ̀kùn tún ṣí, àwọn tí ó padà dé bá àwọn Kristẹni tí wọ́n pọ̀ ju èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ. Fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò sí ìsọjí gbangba, kò sí agogo ìjọ. Ìwé ni ó wà.

Mo wá fẹ́ bá àwọn aṣáájú ìjọ sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún 2011, Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún wà ní Ouidah, ní orílẹ̀-èdè wa yìí. Ibẹ̀ ni ó ti fọwọ́ sí ìwé Africae Munus, tí ó kọ sí gbogbo Áfíríkà. Ó fẹ́ nínú ìwé náà kí olúkúlùkù onígbàgbọ́ sọ kíka Bíbélì di àṣà ojoojúmọ́. Kí ó tó di ìgbà náà, ní ọdún 1965, àpérò ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Fatikáànù ti gba gbogbo àwọn ọmọ ìjọ níyànjú sí ohun kan náà. Àwọn Pùròtẹ́sítáńtì kò dákẹ́ lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe àṣẹ ni ó kù. Kí ni ìdí tí ó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n ti lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ni a ń pè nígbà gbogbo láti kàwé, tí wọn a sì kà á ní èdè Faransé, nígbà tí ìyá tí ó fi ọdún méjì kọ́ ìwé jókòó sẹ́yìn tí ó ń wò? Mo mọ èsì: yóò pẹ́, yóò kọsẹ̀, àwọn ènìyàn yóò rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí ó pẹ́. Ẹ fún un ní ẹsẹ mẹ́ta kí ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ́ ọ nílé. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá gbọ́ ohùn ìyá wọn láti iwájú ìjọ, kò sí ìwàásù tí yóò kọ́ wọn ní iyì Ìwé Mímọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Timótì tí Pọ́ọ̀lù kọ ìwé sí kò kọ́ Ìwé Mímọ́ lọ́dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù kankan nígbà èwe rẹ̀. Ìgbàgbọ́ tí Pọ́ọ̀lù rí nínú rẹ̀, ó ní ó ti kọ́kọ́ wà nínú Lóìsì, ìyá ìyá rẹ̀, àti nínú Éúníkè, ìyá rẹ̀.

Ọkùnrin tí ó ń fi Bíbélì sábẹ́ ìrọ̀rí ti mú un jáde. Ó sọ fún wa pé òun ka Orin Dáfídì 91 tán, pé òun sì rí ejò nínú rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á díẹ̀ kí ó tó rí i pé ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó wà lórí ejò náà. Ìyá oníṣòwò gàrí ti dé ìwé Máàkù orí 4. Ó ti kọjá ibi àpáta, ibẹ̀ kò gbà á lásìkò rárá. Ibi ẹ̀gún ni ó dúró sí. Ó ní òun ní ìbéèrè kan lórí rẹ̀, nípa ọjà àti owó ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n òun kò ní bi mí lójú ọ̀nà. Ó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀.